Ta Ló Rán Màmá Ọdúnayọ̀?

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò ní parọ́. Wọ́n fẹ́ kí n gbà pé ibi ni a bí mọ́ ọmọ ènìyàn, pé bí kóńdó kò bá sí lórí wa, olè ni gbogbo wa. Èmi tí mo dàgbà lẹ́bàá àpáta Ọ̀kà! Èmi tí mo mọ Màmá Ọdúnayọ̀!

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Zipporah ni orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un. Opó ni. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, láfún ló ń fi í ṣe, ọjà Ìkàrẹ́ ló sì ti ń tà á. Ilé rẹ̀ ló kángun sí àpáta pẹrẹsẹ tí gbogbo àdúgbò wa ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á wá dà á sórí àpáta kí oòrùn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́ ọ. Olúkúlùkù kàn máa ń to òkúta wẹ́wẹ́ yí tirẹ̀ ká ni. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò kó ti gbogbo ènìyàn wọlé: ti ọ̀rẹ́, ti ọ̀tá, ti ẹni tí wọn kì í jọ kíra. Kò sẹ́ni tó ṣòfin yìí. A bá a bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ ń gbọ́ mi? A bá a bẹ́ẹ̀!

Màmá ló sábà máa ń kó o. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tó ń sáré nínú ẹ̀fúùfù, bàsíà lórí, tó ń bú òjò: "Ìwọ òjò yìí, o ò tiẹ̀ nítìjú!"

Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Akínlọ́lá, tó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀, gun orí àpáta yìí pẹ̀lú gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló ń ṣọ́ láfún yín?"

"Ọlọ́run ni!" A bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ọmọ aráyé burú! Bí a ṣe bí wọn nìyẹn. Àwọn ará ìsàlẹ̀ tí wọn ò fẹ́ dìbò fún mi, ṣé ẹ rò pé wọn kì í bù ú?"

Olè wo? Ta ni nǹkan rẹ̀ sọnù rí? Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yá ní títà ju láfún lọ. Safinat, ìyàwó ilé kejì, tó ti sọ lọ́dún tó kọjá pé ewúrẹ́ ló jẹ láfún òun, bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ewúrẹ́ náà.

Ni Akínlọ́lá bá kó àwọn géńdé wá, ó wọ̀ wọ́n láṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fún wọn ní kóńdó. Òfin tuntun dé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lórí àpáta. A sì pàtẹ́wọ́!

Ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́ ni òjò ṣú. Àwọn obìnrin ti lọ sọ́jà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lọ sípàdé ẹgbẹ́, àfi Al-Ameen nìkan tó jókòó sábẹ́ igi, tó ń tẹ fóònù. Màmá kó tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti Safinat. Ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kí Al-Ameen tó gbójú sókè.

"Màmá, ta ló ni ìyẹn?"

"Ti Safinat ni. Wá bá mi gbé e, ọmọ yìí, òjò ń bọ̀."

"Ta ló rán yín?"

"Rán mi kẹ̀? Òjò ló rán mi."

Ẹ wò ó, ìdáhùn yẹn tó fún ẹni tó bá lọ́pọlọ! Àmọ́ fídíò ni Al-Ameen ń yà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ìkàrẹ́ nígbà tó wọlé sórí Wáásáàpù: "Ọwọ́ Tẹ Olè Láfún l'Ọ̀kà." Òjò kò tíì dé Ìkàrẹ́, ìbàjẹ́ ti dé. Mo fò mọ́ ọ̀kadà.

Nígbà tí mo fi délé, èrò ti pé síwájú ilé Màmá. Safinat náà ti dé. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bó bá ti ní "àṣà wa ni", ó parí. Ṣùgbọ́n Akínlọ́lá ló dúró tì í yẹn, ó sì ti ṣèlérí iṣẹ́ káńsù fún ọkọ rẹ̀.

Akínlọ́lá bi í pé: "Safinat, ṣé ìwọ lo rán an?"

Safinat wolẹ̀. "Mi ò rán an."

Akínlọ́lá ní kí wọ́n má fa Màmá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, òun dárí jì í. Ó dárí jì í! Ẹni tí kò ṣẹ̀! Màmá gbé láfún Safinat jáde fún un, gbígbẹ, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kò pẹ́, lọ́jọ́ ọjà mìíràn, òjò tún ṣú. Ọkọ̀ kan náà ni èmi àti Safinat jọ wọ̀ bọ̀ láti Ìkàrẹ́. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, omi funfun ló ń ṣàn bọ̀ láti orí àpáta bí ògì tí wọ́n dà nù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sábẹ́ òrùlé, kóńdó wọn gbẹ táútáú. Wọ́n ní òfin ni, àwọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tàwọn.

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lé itan.

"Màmá, ẹ ò rí òjò ni?" Safinat ti fẹ́ sunkún.

"Mo rí i." Ohùn rẹ̀ ti ha. "Mo pe orúkọ gbogbo yín títí. Ìwọ lo ní o ò rán mi."

Nírọ̀lẹ́, Akínlọ́lá tún gbé gbohùngbohùn dé. "Ẹ ò rí i bí? Obìnrin jókòó, ó ń wo òjò, kò dá sí i! Ṣé mi ò sọ pé ọmọ aráyé burú?"

Èébú ti dé ẹnu mi, àmọ́ Safinat yá jù mí lọ.

"Ọ̀gá, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu! Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Àwa la kọ́ ọ!"

Ó rìn lọ, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú Màmá, lójú Akínlọ́lá, lójú gbogbo wa. "Màmá, mo rán yín. Mo wà nílé o, mi ò sí nílé o, mo rán yín."

Màmá wò ó títí. Ó pòṣé.

"Dìde jàre. Ilẹ̀ tutù."