Ọdún Mẹ́rin Tí Mo Yọ Lára Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni èmi fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà mi wà ní Ìbàfò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti máa ń yà kí a bá wọn fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kí wọ́n tó kọjú sí Ìbàdàn. Tí mo bá ti gbé irin gbígbóná lé ibi tí táyà ti lu, tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú, omi á bọ́ lójú mi, ọ̀fun á máa rin mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi á balẹ̀. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, òpó irin kan wà tí àwọn tó ń ṣe títì gbàgbé síbẹ̀. Mo jó ríìmù ọ̀kadà kan mọ́ ọn lókè, mo sì fi ọ̀dà pupa kùn ún. Òpó yẹn ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, ọ̀rẹ́ mi, títí kan bí mo ṣe wọ ṣòkòtò méjì léra wọn lọ sí kóòtù ní Ìfọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ṣe ríìmù náà fún. Ọmọ náà ga. Tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowé, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í rí pásítọ̀. Ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ṣì wà lórí pẹpẹ. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún gíga yẹn. Ará Ìfọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n ọ́n, ó di ẹrù rẹ̀, ó bá mi wá sí ìhà ibí. Ìyà opó kò jẹ́ kí ọmọ tètè kàwé. Ó lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ó dá a dúró, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ táìsì sílẹ̀, ó tún padà. Nígbà tí yóò fi jáde, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí kò bá sí iṣẹ́, á wá láti Mowé, èmi á máa lẹ táyà, òun á máa ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ríìmù ọ̀kadà! Bó ṣe ń jù ú ló ń wọlé, kì í kan etí ríìmù. Èmi á dáṣẹ́ dúró, màá máa wò ó, oníbàárà á sì máa bú mi.

Táyà ló gbé kóòṣì kan wá bá wa. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ lójú títì, ó yí i wá sọ́dọ̀ mi, kí n tó rí ìṣó tó wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló bí ìrókò yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i. Kí ló ṣe?"

Ó ní òun ni kóòṣì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì kan. Ó ní ọmọ náà á wọlé síbẹ̀, á rí bẹ́ẹ̀dì, á rí oúnjẹ, bó bá ṣáà ti lè máa ju bọ́ọ̀lù báyìí. Ó wá béèrè ọjọ́ orí. Mo ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó họ orí. Ó ní ìdíje tí àwọn ń lọ, ẹni tó bá ti ju ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ kò lè bá wọn dé ibẹ̀. Kí ọmọ yìí tó parí ọdún kìíní, ó ti dàgbà jù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa? Ìwé ìbí ọmọ náà ti sọnù látìgbà tí wọ́n ti kó kúrò ní Ìfọ̀, ẹni tí ìwé ìbí rẹ̀ bá sì ti sọnù, àgbà kan nínú ẹbí ló máa lọ sí kóòtù, táá lọ búra pé ọdún báyìí ni wọ́n bí i. Èmi ni àgbà náà. Mo dé Ìfọ̀, mo bá ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù níwájú kóòtù. Ó béèrè ọdún. Mo fi ìka ka mẹ́rin, mo yọ ọ́ kúrò bí ẹni yọ táyà tó ti bó. Ó ka ohun tó tẹ̀ sínú ìwé sí mi létí, títí dórí ìlà ìsàlẹ̀ tó sọ ohun tí òfin máa ṣe fún ẹni tó bá búra èké. Mo ṣe àmín sí i. Nígbà tí mo gbé Bíbélì dání nínú ọ́fíìsì, mo ní mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Òótọ́ sì ni, èmi ni mo sáré lọ pe agbẹ̀bí. Òótọ́ yẹn ni mo fi tu ara mi nínú títí mo fi délé, pé nínú gbogbo ohun tí mo sọ, ọdún mẹ́rin péré ni irọ́. Púráímárì kẹfà ni mo kàwé dé, ìṣirò ni mo sì máa ń sá fún jù níbẹ̀.

Ọdún kìíní rẹ̀ ní yunifásítì, àwọn eré ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ló gbá. Ọdún kejì ni ìdíje gidi fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi ọ̀kan há inú Bíbélì rẹ̀; kò sẹ́ni tó yà sílé rẹ̀ ní Mowé tí kò fi hàn, títí dórí ẹni tó wá ka mítà iná. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbójú sókè lára táyà tírélà, mo rí ọmọ náà, báàgì lẹ́yìn, bọ́ọ̀lù lábíyá.

"Ọ́ńkù, ẹ káàárọ̀ sà." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Mo ti kúrò nínú tíìmù."

Ṣé o mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe? Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àwọn kan ń lé e bọ̀. Mo ní ó ti pa èèyàn. Mo ní àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ni. Mo ń wá ibi tí mo máa gbà sá jáde, kí n tó rántí pé ṣọ́ọ̀bù mi kò ní ògiri, agboòrùn ńlá kan àti àpótí irinṣẹ́ ni. Ọ̀nà àbájáde ni gbogbo rẹ̀.

Ó jókòó lórí táyà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Ó yọ ìwé méjì jáde. Ọ̀kan ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù kọ: orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá, ṣé bàbá wà láàyè, tó bá ti kú, ọdún wo. Ìkejì ni ìwé tí mo búra sí.

"Ọ́ńkù, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ọdún wo ni dádì mi kú?"

Mo sọ ọ́.

"Ọdún wo lẹ búra pé wọ́n bí mi?"

Mo wo ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka. Nígbà tó yá, ìka mi dúró sójú kan.

"Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n sin ín lẹ ní wọ́n bí mi." Kò pariwo. "Ta wá ni bàbá mi? Irú èèyàn wo ni màmá mi?"

Àfi bí ẹni pé táyà bẹ́ sí mi lójú. Èmi tí mo pe agbẹ̀bí, èmi àbúrò obìnrin yẹn, èmi ni mo gbé Bíbélì lọ́wọ́ tí mo fún un ní ọmọ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti lo ọdún méjì nínú ilẹ̀. Kì í sì í ṣe ìlú mìíràn ni mo ti ṣe é, ìlú ọkọ rẹ̀ ni, níbi tí àwọn kan nínú ẹbí ti kùn sí i lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kíkùn ni tiwọn. Èmi lu tèmi ní òǹtẹ̀, ó sì ti wà nínú fáìlì kóòtù wọn fún ọdún méjì.

Fóònù rẹ̀ dún. Kóòṣì ni. Ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè gbọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù! Sún ọdún ikú bàbá ẹ síwájú díẹ̀, kó parí. Ta ló fẹ́ lọ yẹ ibojì wò?"

"Ẹ má bínú sà. Tó bá jẹ́ pé bírò lè fi ọdún mẹ́rin kún ọjọ́ ayé dádì mi ni, màmá mi ì bá ti ra páálí bírò kan."

Ọmọ náà kí kóòṣì pé ó dàbọ̀, ó pa fóònù, ó yíjú sí mi. "Ọ́ńkù, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìfọ̀ lọ́la. Mo fẹ́ ká tún un ṣe kí màmá mi tó mọ̀."

"Àwa ta ni?"

"Èmi àti ẹ̀yin ni sà."

Mo ní tírélà máa pọ̀ lọ́la. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ìyẹn sì di òótọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìlà ìsàlẹ̀ ìwé yẹn tí mo ṣe àmín sí ni mo ń rò. Ọmọ náà kàn ń wò mí, ó fi bọ́ọ̀lù sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwáwí tán lẹ́nu mi, ó ní, "Aago méje sà?"

Ni mo bá wọ ṣòkòtò méjì àti síńgílẹ́ẹ̀tì méjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, torí mo ti gbọ́ pé ilẹ̀ àtìmọ́lé máa ń tutù. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ àpò. Mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín bí ẹni tí kò mọ ìgbà tó tún máa jẹun. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Dádì, ṣé Ìfọ̀ yìí náà ni àbí ìlú òyìnbó? Nínú oòrùn yìí?"

Òkè-Àró la gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ ọkọ̀, mo sì ń gbàdúrà pé kí ọ̀kan bàjẹ́ lára wọn. Àwọn ọkọ̀ tí mo máa ń rí táyà wọn nílẹ̀ lójoojúmọ́, gbogbo wọn ń sáré lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe wọ́n.

Obìnrin àgbàlagbà kan, tó fi gíláàsì sí ṣóńṣó imú, ló wà nídìí fáìlì. Ọmọ náà kí i, ó ṣàlàyé. Obìnrin náà wá ìwé náà rí, ó kà á, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè.

"Ta ló búra sí èyí?"

Ọmọńlé kan wà lára ògiri. Mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló búra.

"Mà, èmi ni mo ni ọjọ́ orí náà," ọmọ náà ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹni tó búra fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni."

Kò wò mí. Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ nìyẹn. Ó ti fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó ti fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n máa ya fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, èmi ni mo sì fà á. Tó bá kàn yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀, ẹrù náà á bọ́ sórí mi. Kò yí i. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáànù, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ń ba òun náà! Mo ti rò pé èmi nìkan ni. Nǹkan kan wọ̀ mí lára lójú ẹsẹ̀, mi ò mọ orúkọ tí màá pè é, mo ṣáà gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Èmi ni, mà." Ohùn náà jáde fínínfín bíi atẹ́gùn táyà tó lu.

Obìnrin náà sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ bá òkú bímọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ti ń làágùn jù. Ṣòkòtò mélòó lẹ wọ̀, bàbá?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ nígbà tí wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n ka ìlà ìsàlẹ̀ ìwé náà sókè fúnra mi. Mo kà á lẹ́tà lẹ́tà bí ọmọ púráímárì kìíní, òógùn ń kán sórí rẹ̀. Ó ní tí òun bá tún rí mi níbẹ̀ nítorí irú ẹ̀, mi ò ní kà á mọ́, màá lọ sùn ní àtìmọ́lé lórí ẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n gbé Bíbélì fún mi, mo sì búra ọdún tó jẹ́ òótọ́.

Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti kóòtù sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni ibojì náà wà, lẹ́bàá igi ọsàn. Mo ti gbàgbé bó ṣe gùn tó. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni káfíńtà kan pósí. Ti àkọ́kọ́ kò gbà á. Ẹnì kan ti fi ìṣó kọ ọdún náà sórí sìmẹ́ńtì kó tó gbẹ, ó ṣì hàn ketekete. Ká ní mo rìn débẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti rí i. Ọmọ náà bọ́ bàtà. Ó fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ń wọn ibojì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rọra ń kà á sẹ́nu.

"Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, Ọ́ńkù," ó ní. "Bàbá mi ga jù mí lọ." Ó sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé. Mo wò ó lórí sìmẹ́ńtì yẹn, mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, mo ṣí fìlà mi. Mi ò mọ ẹni tí mo ṣí i fún nínú àwọn méjèèjì.

Wọ́n fún ẹlòmíì ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó padà sídìí táìsì, ó ń fi í ran ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń kà á. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìdí tó fi kúrò nínú tíìmù, ó ní, "Mo ti dàgbà jù ni, mà," kò sì purọ́. Títí dòní, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò náà ṣì wà nínú Bíbélì rẹ̀. Kóòṣì yà sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, táyà rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan. Ó jókòó, ó wo ọmọ náà tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú ríìmù títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Kó tó lọ, ó gba bọ́ọ̀lù náà, ó jù ú lẹ́ẹ̀kan. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀."

Èèyàn ṣì ń wá bá mi pé kí n bá àwọn lọ búra ọjọ́ orí. Mo ń sọ fún wọn pé orúnkún ń dùn mí. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ sí ọsibítù ní Mowé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi, nọ́ọ̀sì sì béèrè ọjọ́ orí mi kó lè kọ ọ́ sínú káàdì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọ ọdún márùn-ún nínú tèmi náà, kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Mo la ẹnu, mo fẹ́ sọ èyí tí mo máa ń sọ, ni mo bá rí ẹsẹ̀ ọmọ náà lórí sìmẹ́ńtì, gìgísẹ̀ sí ọmọ ìka. Mo sọ ọdún tí wọ́n bí mi gan-an.

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú? Ẹ ò jọ ọ́ o."

"Ó dá mi lójú," mo ní. "Bàbá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi."