Ta Ló Ń Jẹ́ "Wọ́n"?

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé mo lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú lọ́fíìsì wa ní Oniru, èmi ni ọ̀gá máa ń ní kí n lọ bá oníbàárà sọ ọ́, torí ó mọ̀ pé màá ṣàlàyé títí ẹni tó ń bínú á fi máa bẹ̀ wá. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé kí wọ́n tó gbà mí sínú ìjọ Àgùdà lọ́dún Àjíǹde, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún Fada, gbogbo ẹ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ̀rín ló pa mí. Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ náà ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?

Òjò ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé Àǹgílíkà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá Lẹ́kí, tí gbohùngbohùn wọn á máa pariwo títí etí èèyàn á fi di. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, omi kún títì lẹ́yìn ìkóríta Abraham Adésànyà, mọ́tò mi kú sínú omi, mo bá sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan nítòsí, bàtà mi lọ́wọ́. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀. Odindi ìjọ, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi alára dákẹ́, ẹ sì gbà mí gbọ́, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún lọ, òjò ò sì rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo wọ kíláàsì àwọn tó fẹ́ di ọmọ ìjọ, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ìyá tàbí bàbá ìsàmì, ẹni tó máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á. Ìyá àgbà kan ló kàn mí, ọmọ abúlé etí ọ̀sà, tí ohùn Ìjẹ̀bú ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, tó ń ta ẹja lọ́jà Ṣàngótẹ̀dó. Ọkùnrin nìkan ló bí. Ọjọ́ tí wọ́n fà mí lé e lọ́wọ́, ó dì mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọlọ́run ti fún mi lọ́mọbìnrin lọ́jọ́ alẹ́." Ìyá tó bí mi ti kú tipẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Látọjọ́ náà, bí a bá ti parí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé, ìsọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó sí, lórí àpótí, láàárín ṣàwá àti èpìyà.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ẹja tí ẹlòmíràn ti yan ló ń rà wá tà, nígbà tí gbogbo ọjà ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ẹja yan tó o.

"Mo níbi ìyanja tèmi rí," ó ní. "Ààrò mi wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ẹ́sítéètì kan tì wá. Nígbà tí wọ́n mọ ògiri wọn tán, wọ́n ní èéfín wa ń pa ọmọ àwọn. Wọ́n kọ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá wó gbogbo ààrò wa." Ó dárúkọ ẹ́sítéètì náà.

Tiwa ni.

Yéè! Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Ẹgbẹ́ onílé ẹ́sítéètì wa ń wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tó máa bá wọn kọ̀wé sí ìjọba, mo sì na ọwọ́ sókè, torí èéfín ti sú mi. Aṣọ fèrèsé mi ń rùn, aṣọ tí mo bá sá síta ń rùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wó ààrò èèyàn torí aṣọ fèrèsé. Ni mo bá kọ ọ́ pé ọmọ mi ní ikọ́ fée, pé kì í lè mí lálẹ́, pé dókítà ti ní èéfín yẹn lè pa á. Irọ́ gbuu! Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ àti lọ́sàn-án nínú èéfín náà, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nípàdé. Mi ò rí ojú àwọn ìyá yẹn rí o. Èéfín wọn nìkan ló ń fo ògiri wá bá mi.

Mo jẹ ẹja tí Ìyá fún mi, mo ní "ẹ ṣé, mà," mo lọ sílé.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Àjíǹde, ó ní òun fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́. Kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó ní ti Fada nìyẹn, ṣùgbọ́n kí n mú kékeré kan wá ká fi dánra wò.

"Àwo ìyá ọkọ mi kan fọ́, mo sì ní mi ò mọ̀ nípa ẹ̀," mo ní.

"Àwo fọ́? Ṣé ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn bọ́ sílẹ̀ ni?"

"Iṣẹ́ èṣù ni, mà."

"Ehn-ehn! Lọ pè é wá nígbà náà, kó wá jẹ́wọ́ tiẹ̀. Tìẹ là ń retí."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo tún gbìyànjú. Mo ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i, nílé ọkọ mi nígbà yẹn, wọ́n máa ń wá ìjà mi, wọ́n á—"

Ó gbé ọ̀bẹ ẹja sílẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ 'wọ́n'? Ẹni tó bá ń wí pé 'wọ́n', ẹjọ́ ló ń rò. 'Mo' ni ìjẹ́wọ́. Mo fọ́ àwo. Mo purọ́. Ó tán. Ìwọ ọmọ yìí, o mọ ẹjọ́ rò jù."

Nígbà tí mo délé, mo gbé ìrẹsì kaná, mo wá fa ìwé tí mo ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sí yọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni, "Wọ́n kọ lẹ́tà kan nípa àwọn ìyá ìyanja." Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, bí ẹni pé lẹ́tà náà já bọ́ látọ̀run. Mo fagi lé e, mo kọ "A kọ lẹ́tà kan." Àwa wo? Mo fagi lé ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ kékeré bíi "mo", kò jáde! Ìrẹsì jóná mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó kọ ọ́ tán: mo purọ́ mọ́ ọmọ mi, kí wọ́n lè lé àwọn ìyá kúrò nídìí iṣẹ́ wọn.

Kì í ṣe Fada ló ń bà mí lẹ́rù. Fada ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ni. Bí mo bá sọ fún un, ó lè ní òun ò dúró lẹ́yìn mi mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Mo tún máa pàdánù ìyá lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bí mi ò bá sì sọ, á dúró lẹ́yìn mi níwájú Ọlọ́run láìmọ ẹni tó ń dúró fún.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, mo kúnlẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà, ẹ kú iṣẹ́." Fada náà ní, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi." Ọmọ rẹ̀ kẹ̀! Àbúrò àbúrò mi ló máa jẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n mí, ẹ̀rù náà sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo wá ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ibi lẹ́tà.

"Fada, àwọn ẹgbẹ́ onílé ní kí n—" Mo dúró. "Rárá o. Mo kọ lẹ́tà kan. Mo purọ́ síbẹ̀." Mo bá bú sẹ́kún.

Ó dúró dè mí. Ó ní kí n kọ lẹ́tà mìíràn sí àwọn tí mo kọ ti àkọ́kọ́ sí, kí n fi Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kan náà sọ òtítọ́ fún wọn, kí n sì ṣe ìwọ̀nba tí agbára mi bá ká láti tún un ṣe. Mo ní, "Ìyá tí wọ́n wó ààrò ẹ̀ ńkọ́? Òun ló máa dúró fún mi lọ́jọ́ Sátidé, níbi àìsùn Àjíǹde." Ó ní, "Mi ò ní fi dandan lé ìyẹn. Ẹ bi ọkàn yín." Ó wá gbàdúrà ìdáríjì lé mi lórí. Nígbà tí mo dìde, inú mi dùn, ara mi fúyẹ́, mo fẹ́ dì mọ́ gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé mo gbàgbé báàgì mi, mo bá sáré padà lọ mú un.

Kí ọkàn mi tó yí padà, mo wọ ọkọ̀ kọrọpe, ó di Ṣàngótẹ̀dó. Mo bá Ìyá níbi tó ti ń ha ìpẹ́ ẹja. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù pẹ̀lú omi ẹja.

"Ìyá, mo kọ lẹ́tà tí wọ́n fi wó ààrò yín. Ọmọ mi ò ṣàìsàn kankan. Aṣọ fèrèsé mi ló ń rùn. Mo purọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìwọ?"

"Èmi ni, mà."

"Aṣọ fèrèsé!" Ó pariwo rẹ̀, àwọn aládùúgbò ìsọ̀ sì yíjú sí wa. "Ẹni tó ṣu lè gbàgbé o, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé. Ṣé o mọ̀ pé méjì nínú wa ò ríṣẹ́ mìíràn ṣe títí dòní? Nítorí aṣọ fèrèsé! Dìde níwájú mi."

Mo dìde. Mo sọ fún un pé mo máa kọ òmíràn, pé mo máa sọ òtítọ́ fún ìjọba àti ẹgbẹ́ onílé. Ó ní, "Kọ ọ́. Kó o kà á sétí mi kó o tó fi ránṣẹ́." Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń dá oníbàárà lóhùn. Mo dúró síbẹ̀. Nígbà tí kò wo ibi tí mo wà mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Mo ti kọjá ìsọ̀ kẹta nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ìwọ! Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, aago mélòó la máa dé ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mà."

"Má pẹ́ dé o," ó ní, inú ṣì ń bí i.