Ọ̀pá Iná Àárín

Ẹni tó ta iná onínọ́ńbà kan fún mi kò ní í gbàgbé ohùn mi bọ̀rọ̀. Mo ka ẹ̀sùn sí i létí lórí fóònù bí adájọ́: kò fún mi ní ìwé tó ṣàlàyé ẹsẹ̀ irin tó jẹ́ ti ọ̀pá iná wo lára rẹ̀, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nípọn, kò kìlọ̀ pé atẹ́gùn òkun á mú un dógùn-ún. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo tún bínú sí i.

Ẹja ìyá mi ti bómi lọ.

Ilé wa dúró lórí òpó nínú omi, kò jìnnà sí Ayétòrò. Bí omi bá ń kún, ìyá mi máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, á fi ẹsẹ̀ wá ibi tó dé. Orúnkún sì ń dùn ún. Mo wá so wáyà mọ́ ìgbésẹ̀ àkàsọ̀ náà kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, mo fà wọ́n wọ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́, mo sì gbé iná onínọ́ńbà náà kọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tí omi bá dé, nọ́ńbà rẹ̀ á tàn. Bí omi bá fà tán, òdo á yọ.

"Màámi, ó parí. Ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹja bómi lọ, ìyá mi sá ẹja tó fẹ́ gbé lọ Ode Ugbo sórí pákó ìsàlẹ̀. Oorun gbé e lọ. Nígbà tó lajú, òdo ló rí. Ó bá tún dùbúlẹ̀.

Omi ti dé ìgbésẹ̀ kẹjọ. Ọ̀pá iná méje ló ń ya nọ́ńbà. Bí ti àárín bá kú, mẹ́jọ á di òdo. Ìgbà tí mo bú ọlọ́jà tán ni mo tó tú iná náà wò. Nígbà tí mo ń ṣe é, mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, mo fi jó wáyà mẹ́fà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tán lórí ìkeje, ti àárín. Mo kàn lọ́ ọ pọ̀, mo wé téèpù mọ́ ọn, mo ní màá padà sí i. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì pe ọkùnrin yẹn padà.

Obìnrin aládùúgbò wa ti dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá alákọ̀wé! Ṣé iná yín ló jẹ ẹja ni?"

"Ojú mi ni o," ìyá mi dá a lóhùn. "Mi ò ríran dáadáa mọ́."

Wáyà tó já ṣì wà lọ́wọ́ mi. "Màámi, kì í ṣe ojú yín. Èmi ni mi ò so ó dáadáa."

Ìyá mi wo wáyà náà. "Mo rí téèpù yẹn bó ṣe ń ṣí," ó ní. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé nìyẹn."