Yàrá Ìsàlẹ̀ tí Bíríkìlà Kọ́ fún Ìyá Rẹ̀

Bíríkìlà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, nítorí ògiri tó bá mọ kì í wọ́. Nígbà tí orúnkún ìyá rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ó ní òun máa kọ́ yàrá kan fún un nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé, ní ọjọ́ Sátidé tí òun kì í lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé Sátidé mélòó. Ó ní mẹ́rin. Bó bá pẹ́ jù, márùn-ún. Ni wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá sí pálọ̀ ná.

Sátidé àkọ́kọ́, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ìdajì, ló bá kan gbòǹgbò igi tó nípọn bí itan. Gbòǹgbò yẹn jẹ Sátidé méjì. Òjò jẹ ọ̀kan. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Bulọ́ọ̀kù dé, iyanrìn ò dé. Nígbà tó fi pé oṣù mẹ́ta, ògiri kò tíì dé ìbàdí, àwọn ọmọ sì ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn kọjá lára ìyá àgbà ní pálọ̀ láràárọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi í, á ní ó ku Sátidé mẹ́rin. Kò purọ́. Bulọ́ọ̀kù lórí bulọ́ọ̀kù nìkan ló ń rí lọ́kàn rẹ̀. Kì í rí òjò, kì í rí ẹ̀yìn tó ń dunni.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà yà kí wọn. Ó ní àbúrò òun fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀, ní Sátidé Sátidé, àbúrò náà sì ní oṣù kan ló máa gbà.

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. "Oṣù kan kẹ̀? Sọ fún un kó múra oṣù mẹ́jọ sílẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ gbójú sókè, ó wò ó. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí káfíńtà lọ, bíríkìlà jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má bínú, Màmá. Ó ṣì ku nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín tipẹ́."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. "Ṣebí èmi ni mo bí ọ. Ká ní oṣù mẹ́jọ lo pè é fún mi ni, ńṣe ni ǹ bá ní kí o má wulẹ̀ dáwọ́ lé e."

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ló gbà. Màmá tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó fọwọ́ pa ògiri lára, ó ní kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé. Ọdún mọ́kànlá ló fi sùn níbẹ̀.