Àyè Abẹ́rẹ́ Lára Irin

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà mi, ẹ pe àga ìyá àgbà ní àga wẹ́dà. Iṣẹ́ màmá mi ni àga yẹn. Télọ̀ ni wọ́n, téèpù kì í kúrò lọ́rùn wọn.

Orúnkún ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ló kọ̀ tí ò gbé wọn dìde mọ́. Tá a bá ń fà wọ́n sókè, wọ́n á máa bẹ̀ wá bíi pé wọ́n jalè. Ó dun màmá mi wọra. Ni wọ́n bá tẹ́ pépà sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wọ́n ya àga kan tí ìjókòó rẹ̀ máa gbé èèyàn dìde díẹ̀díẹ̀ tó bá ti fa irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán kóòtù, wọ́n kó o fún wẹ́dà tó wà ní òdìkejì títì.

Wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ bí pépà ṣe rí gẹ́lẹ́. Àṣé màmá mi ti fi àyè abẹ́rẹ́, etí tí télọ̀ máa ń fi sílẹ̀ láti rán, yí gbogbo rẹ̀ ká! Irin tẹ́nì kankan ò ní rán! A rẹ́rìn-ín títí. Wẹ́dà ká etí tó lé náà wọnú bíi ti aṣọ, ìyẹn ni irin náà ò fi gé ìyá àgbà lọ́wọ́ dòní.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyá àgbà rí àga náà, ó ní àwọn fẹ́ irú ẹ̀ nílé ìwòsàn, orúkọ ẹni tó ṣe é á sì wà lára ẹ̀.

Màmá mi ní, “Ẹ kọ orúkọ wẹ́dà. Pépà lásán ni mo gé. Ẹni tó kàn án ló ṣe é.”

Inú bí mi! “Pépà lásán kẹ̀? Màmá!”

“Rọra o. Ẹnu ẹ mú ju àlùmọ́gàjí mi lọ.”

Wẹ́dà tó wà níbẹ̀ ì bá panu mọ́, kó gba ògo ológo. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ fọwọ́ kan etí irin yìí. Wẹ́dà wo ló ń fi àyè abẹ́rẹ́ sílẹ̀? Ọwọ́ tèmi ló kàn án, àmọ́ orí wọn ló ti jáde. Ká ní wọn ò yà á, kí ni ǹ bá kàn?”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí màmá mi. “Màmá, ta ló ṣe é?”

Ìyá àgbà fa irin ẹ̀gbẹ́ àga, wọ́n dá dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ sin nọ́ọ̀sì dẹ́nu ọ̀nà.

Màmá mi fa téèpù kúrò lọ́rùn.

“Èmi ni,” wọ́n ní. “Ẹ mú mi lọ bá àwọn tó máa jókòó sí i, kí n wọ̀n wọ́n.”