Àkàbà Ẹ̀yìn Ilé Onítáyà

Ẹ má bínú sí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, n kò sì tíì parí rẹ̀ tí wọ́n fi mú mi kúrò níbẹ̀ láti lọ tọ́jú ìyá ìyá mi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ fò ó kọjá.

Mo rántí òórùn ọṣẹ àti òórùn irin gbígbóná. Àwọn méjèèjì ló máa ń pàdé ní àgbàlá wa ní Bahra, ìlú kan tó wà lójú ọ̀nà láti Jẹ́dà sí Mẹ́kà. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àlàájà, ló mú mi débẹ̀. A bá àwọn tó ń lọ ṣe Ùmúrà wọkọ̀ òfuurufú, a wọ̀ sí àdúgbò Al-Sabeel ní Jẹ́dà, àwọn tí a jọ wá padà sílé, àwa kò padà. A kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé tí ìjọba ibẹ̀ fi ń gba àjèjì láyè láti gbé ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé wò láti ojúlé dé ojúlé, Àlàájà kó wa lọ sí Bahra, níbi tí bàbá arúgbó kan ti ní àgbàlá tó kún fún àlòkù ọkọ̀. Bàbá náà ní kí a máa ṣọ́ ọ fún òun, kí a sì máa gbé inú ilé onítáyà kan tó wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn olówó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n bá ń lọ gbafẹ́ létí òkun. Afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ibùsùn, ó ní fèrèsé, ó sì ní kọ́bọ́ọ̀dù tí Àlàájà ń kó aṣọ rẹ̀ sí.

Aṣọ fífọ̀ ni iṣẹ́ wa. Àwọn tó ń gba àlejò sílé ní Al-Ka'kiyah ní Mẹ́kà ló ń kó aṣọ ibùsùn ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú aṣọ funfun tí àwọn tó wá fún Hájì máa ń ró. Iṣẹ́ tó ń jẹ omi ni. Táǹkì omi wa sì wà lórí òrùlé ilé onítáyà yẹn, lórí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti gbé e ró. Tí ọkọ̀ omi bá dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lókè láti ki rọ́bà bọ ẹnu táǹkì, kí ó sì pariwo tó bá kún. Ọ̀gá wẹ́dà kan, ọmọ ilẹ̀ wa, tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ló máa ń bá wa gùn ún. Ó ga, orí àlòkù ọkọ̀ ni yóò ti fò débẹ̀. Ó ti ń rọ àkàbà irin kan fún wa, ó jó etí tí bóòtì yóò gbà kọjá mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ti ògiri, ó ní òun ń bọ̀ wá dè é. Wọ́n mú un lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì dá a padà sílé nítorí ìwé.

Àlàájà wá to nǹkan lé orí àgbá láti gun òkè fúnra rẹ̀. Ó ṣubú, ìbàdí rẹ̀ kò sì gbádùn mọ́. Dírẹ́bà ọkọ̀ omi, ará Yẹ́mẹ̀nì kan tó sanra, ní òun kò lè gùn ún, ọ̀gá òun ò sì fẹ́ kí òun máa dúró pẹ́ níbì kan. Ó ní tí òun bá tún dé tí kò sẹ́ni lókè, òun ò ní yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Hájì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láìsí omi, kò sí aṣọ tí a ó fọ̀. Láìsí aṣọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ kiri láti ojúlé dé ojúlé, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé. Mo wo àkàbà yẹn níbi tó fara tì. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé tí kò bá sẹ́ni tí yóò dè é, èmi yóò dè é.

Ọkùnrin ará Pakísítánì kan ní ìsọ̀ irin níwájú ọ̀nà. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi ní kí ó yá mi ní dírílì. Ó ní òun ń fi ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, àfi ìgbà ìrun, tí gbogbo ìsọ̀ máa ń tì. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, kí n wá gbé e. Tí òun bá ti mọ́ṣáláṣí dé, kí òun bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi ṣe di iṣẹ́ àárín ìrun. Wọ́n á pe Àìlà, màá sáré gbé dírílì wálé, màá kírun tèmi wéréwéré, màá wá lo ìwọ̀nba àkókò tó kù. Inú Àlàájà kò dùn sí i.

Ó ní, “Gbogbo ayé ń kírun, ìwọ ń lu irin.”

Mo ní mo ti kí tèmi.

“Mo rí bí o ṣe forí kanlẹ̀ wéré. Mo rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ tí o fẹ́ mú nílẹ̀.”

Ìgbà àkọ́kọ́, ibi tó wù mí ni mo lu. Ara ilé náà fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì. Sukúrù ń yí lórí asán, ó sì ń jáde padà bí mo bá ti fa àkàbà díẹ̀. Nígbà tí mo dá dírílì padà, tí mo sì fi ẹnu kékeré ṣàlàyé, ọkùnrin náà ní mo ń kan àkàbà mọ́ awọ, egungun ni kí n wá. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ láti fi hàn mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kan ara ilé wa bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Ibi tó bá dún bọ̀m̀, òfìfo ni. Ibi tó bá dún kọ́, igi wà nínú. Ẹ̀yìn ilé nìkan ni mo ti rí igi tó gùn láti òkè délẹ̀, tó sì ṣe déédéé pẹ̀lú etí àkàbà. Ibẹ̀ ni mo lu ní ìrun Alásárì. Mi ò ronú pé kọ́bọ́ọ̀dù Àlàájà wà ní òdìkejì. Dírílì wọlé, ó wé ìborùn rẹ̀ tó dára jù lọ mọ́ra, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé.

“Ó kù kí o lu èmi náà.”

Síbẹ̀ òun ló di nọ́ọ̀tì mú láti inú, nígbà tí mò ń fi sípánà yí bóòtì níta. A fi irin pẹlẹbẹ sẹ́yìn igi kí bóòtì má baà já wọlé, mo sì fi gọ́ọ̀mù funfun yí ojú ihò kọ̀ọ̀kan ká nítorí òjò. Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ omi, mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ àkàbà náà. Kò mì. Inú mi dùn, nítorí mo ti rò ó pé dírẹ́bà yóò máa mú alágbàṣe kan wá láti gùn ún. Ẹ wò ó, gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe àkàbà yẹn, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń ṣe é fún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkùnrin tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa wá dúró lẹ́nu géètì. Ó kọjú sí títì kí ó má baà wò wá. Kò pariwo. Ó ní òun ò béèrè ibi tí a ti wá rí, òun ò sì ní béèrè. Ṣùgbọ́n ìyàwó òun àti àwọn ọmọbìnrin òun máa ń jókòó ní àgbàlá wọn láìbo orí, ẹni tó bá gun àkàbà yẹn yóò sì rí wọn. Ó ní, “Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.”

Àlàájà fi Lárúbáwá rẹ̀ tó gé wẹ́wẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọkùnrin tó máa gùn ún kò ní wo ibì kankan, omi nìkan ni yóò máa wò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ọkùnrin náà ní, “Ọkùnrin wo?” Kò sí ibòmíràn tí egungun wà tí mo lè gbé àkàbà náà lọ. Láti ẹ̀yìn aṣọ tí a sá sórí okùn ni mo ti sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo máa gùn ún.”

Ọkùnrin náà ní, “Ta nìyẹn?”

Àlàájà ní, “Ọmọ mi obìnrin ni. Òun náà ló dè é mọ́bẹ̀.”

“Tó bá jẹ́ òun nìkan, kò burú. Ọjọ́ tí mo bá rí ọkùnrin kan lókè yẹn, màá fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́.”

Ó lọ. Àlàájà jókòó, ó di ìbàdí rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tí o máa ń sá wọlé tí dírẹ́bà bá ti fọn fèrè. Ẹnu ti gùn ún. Lọ́la ni a ó rí ẹsẹ̀.”

Mo ti padà sílé báyìí, ní Ìwó, mo sì ṣì máa ń bojú wolẹ̀ tí mo bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìtìjú yẹn kò kúrò lára mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó lè wà lára ènìyàn, kí ènìyàn sì gbé e dání lọ síbi tó ń lọ. Àkàbà yẹn ni mo máa ń rántí tí mo bá fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀.

Ní Bahra, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tí Àlàájà ṣì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lórí ẹní, mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ àbáyà mi, mo ká etí àbáyà náà, mo sì so ó mọ́ ìdí. Mo fi ẹsẹ̀ dán ọ̀pá àkàbà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń gùn ún. Nígbà tí dírẹ́bà fọn fèrè lẹ́nu géètì, mo ti ṣí ìdérí táǹkì. Mo kọ̀yìn sí àgbàlá ọkùnrin náà, mo kọjú sí títì, mo sì na ọwọ́ sísàlẹ̀ kí ó gbé rọ́bà fún mi.