Ìwé Kẹta Lẹ́yìn Tí Iná Dé

Gíláàsì kékeré kan tí ń sọ nǹkan di ńlá ló kó bá mi. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi gba ìwé ìkésíni ìgbéyàwó rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Mushin, ni òǹtẹ̀wé ibẹ̀ bá gbé gíláàsì náà lé fọ́tò ìyàwó, ó ní kí n wò ó. Ojú ìyàwó pòórá. Èérún àwọ̀ ni mo rí: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú, wọ́n tò bí iyanrìn tí ẹnì kan fọwọ́ ṣà. Mo gbé gíláàsì kúrò, ojú náà padà dé. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Òǹtẹ̀wé náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ti tán fún ẹ nìyẹn. Àìsàn yìí ò lóògùn o."

Kò sí ilé ìwé tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àwọ̀ yìí. Ìwé tó bá bàjẹ́ tí wọ́n dà sábẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣà lọ sílé láti ka èérún wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gba iṣẹ́ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà dé sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábàá. Èmi nìkan ló ka ìwé àlàyé rẹ̀ parí.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, kí oníbàárà tó lè mọ bí àwọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa rí, a óò ya fíìmù mẹ́rin, a óò ṣe pílétì mẹ́rin, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, a óò sì fọ ẹ̀rọ ńlá nígbà mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ. Tiwa kò nílò fíìmù, kò nílò pílétì. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀dà kan ti jáde. Prúùfù là ń pè é. Bí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí i, àṣẹ nìyẹn. Òǹtẹ̀wé á so ó kọ́ síwájú ara rẹ̀ ní Mushin, á máa bu yíǹkì kún un, á máa dín in kù, títí ìwé tí ẹ̀rọ ńlá tirẹ̀ ń tẹ̀ á fi bá a mu.

Àlébù kan wà tí mo mọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí iná sì padà dé, irọ́ ni ìwé àkọ́kọ́ máa ń pa. Inú ẹ̀rọ kò tíì gbóná dáadáa, pọ́dà dúdú tó ń lò dípò yíǹkì kì í lẹ̀ mọ́ ìwé, gbogbo ojú á sì mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé méjì ni mo máa ń dànù. Mi ò wádìí rí bóyá méjì tó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àǹtí kan wá láti Ìpọ̀nrí. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Àbúrò wọn obìnrin, aránṣọ, ló kú, ìsìn ìdágbére sì máa wáyé ní ọjọ́ Ẹtì. Igba ìwé ètò ìsìn ni wọ́n fẹ́, kí fọ́tò àbúrò wọn wà níwájú.

"Àbúrò mi dúdú bí kóró iṣin," ni wọ́n wí. "Ìyá wa wà ní Iléṣà, ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n rí i gbẹ̀yìn. Ẹ sì mọ̀ pé òbí kì í sin ọmọ. Ìwé yìí ni wọ́n máa fi rí i."

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Jẹnẹrétọ̀ wa ti kọṣẹ́, èrò mẹ́ta ń dúró, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má tún mú iná lọ. Mo da ìwé méjì nù, mo fún wọn ní ẹ̀kẹta. Mo rí i pé ojú náà pọ́n díẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ló fà á.

Àǹtí yíjú kúrò. "Mi ò lè wò ó. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ṣé ó jọ ọ́?"

"Ó jọ ọ́, Àǹtí."

Wọ́n ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé iṣẹ́ náà, prúùfù àti fọ́tò, lọ sí Mushin. Nínú ìwé tó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ńlá, ojú náà dúdú, ó dán. Òǹtẹ̀wé, ẹni tó fi gíláàsì hàn mí lọ́jọ́sí, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ prúùfù mi.

"Fọ́tò dúdú. Tèmi dúdú. Tìrẹ nìkan ló pupa bí òyìnbó. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, prúùfù ni kí ẹ tẹ̀lé. Wọ́n ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà! Ẹ mọ̀ ju fọ́tò lọ."

Ó dín yíǹkì dúdú kù, ó fi kún pupa. Mo dúró tì í, mò ń wo bí àwọ̀ ojú ọmọbìnrin náà ṣe ń ṣí, ìwé lẹ́yìn ìwé, títí ó fi bá irọ́ tèmi mu. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń yangàn pé ẹ̀rọ mi kì í ṣàṣìṣe. Mi ò lè sọ fún un pé ẹ̀rọ mi ló ṣàṣìṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìn ni Àǹtí padà wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì.

"Wọ́n mú ìwé yìí dé Iléṣà. Àwọn aládùúgbò ní kì í ṣe ojú lásán, ìpara tí wọ́n fi ń bóra ló pa á. Ìyá wa wá ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni ọmọ òun ń bóra ní Èkó, tí mo mọ̀, tí mi ò sọ?"

"Rárá o, Àǹtí. Ẹ̀rọ mi ni. Èmi ni."

Wọ́n nàka sí ojú tó wà lórí ìwé náà. "Ṣebí mo bi yín."

Mo tan ẹ̀rọ níṣojú wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ìwé bó ṣe ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹwàá ṣì pọ́n. Nígbà tó di ogún, ó kù díẹ̀. Nígbà tí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n jáde, wọ́n na ọwọ́. "Ẹ dúró. Òun nìyẹn."

Òǹtẹ̀wé tún igba tẹ̀ fún wa, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí gbé tuntun lọ sí Iléṣà. Ìyá wọn wò ó, wọ́n ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú àwọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè kun èèyàn ní àwọ̀ tó bá wù ú, pé ńṣe ni a kun ọmọ àwọn ní dúdú láti fi tu àwọn nínú.

Láti ìgbà náà, bí iná bá dé, ọgbọ̀n ìwé ni mò ń dànù. Mo ti kà á nígbà mẹ́rìnlá. Àwọ̀ kò dúró rí kí ó tó di ìwé kẹtàlélógún. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti Àǹtí máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ní Ìpọ̀nrí, ní Òtò, a ń gba ìwé àtijọ́, a ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Títí di ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mọ́kànléláàádóje ti padà sọ́wọ́ wa. Mọ́kàndínláàádọ́rin ṣì wà níta, ti ìyá wọn sì wà nínú rẹ̀.